Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣánnà Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Kwara: Irun Orí Ọmọ Tí Iná Jó Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Oge

Sí ẹ̀yin Kọmíṣánnà fún ètò ìlera, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa ní Ìlọrin,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Onídìrí ni mí ní Òmù-Àrán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀gá mi ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́kọ́ dirun fún ti di ìyá ọmọ, àwọn náà ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Mo mọ orí ènìyàn bí àgbẹ̀ ṣe mọ ilẹ̀ oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí omi gbígbóná dà sí lórí ni mo bá wá, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọdún Iléyá ku ọ̀la. Ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti já sílẹ̀ láti àárọ̀ jókòó kiri orí ẹní. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi atáṣímẹ́ǹtì dirun fún ọmọbìnrin kan tán. Ẹ̀yin obìnrin tó wà láàárín yín mọ̀ pé bí a bá dì í tán, a máa ń ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ omi tó ń hó kí ó má baà tú. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, ó ń retí kí ó kan òun. Ọmọṣẹ́ mi gbé jọ́ọ̀gù omi náà bọ̀ láti ìdí sítóòfù. Wáyà díráyà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Mo wà nítòsí, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí ọmọ náà ké, gbogbo wa bò ó. Ẹnìkan ní ká fọ́ ẹyin lé e. Ẹnìkan gbé epo pupa wá. Èmi gan-an ni mo sáré bu ògì tútù wá láti ilé kejì, tí mo fi ọwọ́ ara mi pa á mọ́ ọn lórí. A lò tó ìdajì wákàtí nídìí gbogbo ìyẹn kí a tó rí ọkọ̀. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì kan ń bi mí pé, "Ṣé kò sí omi lọ́dọ̀ yín ni?" Omi tútù lásán, tí ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20, ni wọ́n ní ó yẹ ká fi pa oró iná náà. Kì í ṣe yìnyín, kì í ṣe epo, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Wọ́n ní bí iná bá ti jó ọmọ, tí wákàtí 3 kò bá tíì kọjá lẹ́yìn rẹ̀, omi yẹn ṣì wúlò. Garawa omi mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Mo ń rí wọn lójú oorun.

Ọmọṣẹ́ mi kò padà wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n tí òun bá rí kẹ́tùlù.

Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ojú egbò náà jìn débi pé kò lè pa dé fúnra rẹ̀, wọ́n ní láti ré awọ pẹlẹbẹ lára itan rẹ̀ kí wọ́n tó fi bò ó. Awọ itan ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n irun orí kì í hù lórí awọ itan. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, gbogbo àdúgbò wá kí wọn kú ewu, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí ìyá rẹ̀ tó mú un wá bá mi. Mi ò retí pé yóò tún tẹ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Obìnrin náà kò fìgbà kan bá mi jà, ìyẹn gan-an ló mú kí ojú máa tì mí jù. Ó jókòó, ó tú gèlè kékeré tó wà lórí ọmọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ lè dì í kí ó bo ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò nílé ìwé wọn."

Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè etí ọ̀tún, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí lọ títí dé àtàrí, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń dán, ó sì le. Irun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá òsì, ó kún, ó dúdú, irun ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo mú ìlàrun, mo là á. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ṣùkú, pé kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sókè kí n tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún. Àpá yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo tú u. Mo dì í láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Ó tún yọ. Mo ní kí n fi atáṣímẹ́ǹtì kún un, ṣùgbọ́n irun la máa ń so atáṣímẹ́ǹtì mọ́, níbi tí irun kò sí, kí ni n ó so ó mọ́? Mo dì, mo tú, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ náà kò sunkún. Ìgbà tí mo tú u lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gba gèlè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wé e fúnra rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ ṣeun, mà." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Kò ya fọ́tò náà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé wọ́n ń pè é ní Apárí ní kíláàsì, pé kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sí apá ọ̀tún òun. Àwọn kan sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ló kan ọmọbìnrin nínú ìyẹn, ṣebí gèlè wà, ṣebí híjáàbù wà. Òótọ́ ni, aṣọ ń bo àpá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìborí bo orí rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ mọ ìdí tó fi bò ó, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ọmọ tó ń bò ó nítorí ìtìjú kì í lè ṣí i nínú yàrá ara rẹ̀ pàápàá. Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́, tí ilé ìwé ní kí wọ́n gé irun wọn mọ́lẹ̀, tí olùkọ́ sì ní kí wọ́n ṣí fìlà? Mo mọ ọmọkùnrin kan ní ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin tí epo àkàrà dà sí lórí. Kò níbi tó lè fi tirẹ̀ pa mọ́ sí.

Kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí, mo gbìyànjú gbogbo ohun tí àwa onídìrí máa ń gbìyànjú. Mo fi àdín àgbọn ra á. Mo fún omi àlùbọ́sà sí i. Mo ra òróró kan tí wọ́n ní ó ń hu irun fún apárí, owó rẹ̀ gun òkè. Ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ fún mi pé mo ń fomi sórí àpáta. Inú awọ orí ni irun ti ń jáde wá, gbòǹgbò rẹ̀ jìn wọlé. Bí iná bá jó òkè awọ nìkan, irun á padà hù. Bí ó bá jó dé ìsàlẹ̀, tí gbòǹgbò kú, kò sí òróró kankan láyé tó lè jí i. Ẹ̀yin onídìrí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Dókítà tó ń tún awọ ara ṣe ló là mí lójú, lọ́jọ́ tí mo tẹ̀lé ìyá ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Ó ní iṣẹ́ tí a rò pé kò ṣeé ṣe yìí, wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Bí àpá bá kéré, wọ́n lè gé e kúrò kí wọ́n fa awọ tó nírun láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa dé, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí àpá á fi tán. Bí ó bá tóbi bí ti ọmọ wa, wọ́n á ki bàlúùnù rọ́bà kan bọ abẹ́ awọ tó nírun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà. Bàlúùnù náà kò ní nǹkan kan nínú lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín rọ omi oníyọ̀ tó mọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, awọ orí á máa nà bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ rántí ikùn aboyún, bó ṣe ń nà láìya. Nígbà tí awọ bá ti nà tó, wọ́n á yọ bàlúùnù, wọ́n á gé àpá sọnù, wọ́n á sì fa awọ onírun yẹn bo ojú ibẹ̀. Ó ní kódà bí àpá bá gba nǹkan bí ìdajì awọ orí, wọ́n lè fi ọ̀nà yìí bò ó. Irun náà kò pọ̀ sí i, ó kàn tàn ká ni, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè rí i.

Àwọn baba wa ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Mo ti pa òwe yẹn fún ìyá ọmọ náà rí, láti fi tù ú nínú, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Dókítà kò sọ pé òun fẹ́ kí àpá jọ ara. Ó ní òun á mú àpá kúrò, òun á sì fi ara rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà fún ibi tí bàlúùnù kò bá lè dé, bí ìgbátí, bí iwájú orí, bí ìpéǹpéjú. Ẹni tó bá dá oko ata rí á tètè yé ìyẹn. A máa ń gbin ata pọ̀ sí ojú kan, bó bá hù, a ó tu ọmọ rẹ̀ lọ lọ́ síbi tó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ irun láti ẹ̀yìn orí pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ẹyọ kan sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe jọ hù nínú awọ, tí wọ́n á sì lọ́ ọ sínú àpá. Irun tí wọ́n lọ́ á rẹ̀ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ìyá ọmọ má ṣe bẹ̀rù. Gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀. Láti bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ, ó sì tó ọdún kan kí ó tó pé. Nínú àpá, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa ń mú, ó sì lè gba kí wọ́n ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Irun tiwa tún le ju ti òyìnbó lọ láti yọ, torí pé bó ṣe ká lókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe tẹ̀ lábẹ́ awọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yọ á kàn máa gé e sí méjì ni. Awọ tiwa sì tún wà tó jẹ́ pé bí a bá ti gbé abẹ kàn án, àpá rẹ̀ lè wú sókè. Nǹkan wọ̀nyí ni dókítà kan gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ kan orí ọmọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn. Wọ́n ní láti dúró bí ọdún kan lẹ́yìn tí egbò bá jiná kí àpá tó rọ̀ tó. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn akunnilóorun. Kòkòrò lè wọ ibi tí bàlúùnù wà, kí wọ́n sì ní láti yọ ọ́. Ní gbogbo oṣù tí bàlúùnù fi wà níbẹ̀, orí ọmọ á wú bí ẹni tó ru nǹkan, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi ọmọ náà. Ọmọ ní òun á ṣe é.

Ibi owó ni a ti dúró.

Ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ìyá ọmọ náà béèrè bóyá ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ kankan wà. Ẹni tó jókòó nídìí ìwé wo ọmọ náà, ó wo ìwé dókítà, ó ní, "Oge nìyí. Ara rẹ̀ ti yá." Ó sì pe ẹni tó kàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀yin àgbà, oge niṣẹ́ mi. Láti àárọ̀ dalẹ́, oge ni mò ń ṣe, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oge ni ohun tí a fi kún ohun tó pé. Obìnrin tí irun rẹ̀ kún tó ní kí n fi àwọ̀ pupa sí i, oge nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fá irun ìbí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, tó sì hu òmíràn, tí iná wá gbà á lọ, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ń béèrè. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá kán tó sì tò wọ́, a kì í sọ pé títò ó padà jẹ́ oge. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí ètè wọn là ní Nàìjíríà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn, Smile Train ló ń gbé owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pe ìyẹn ní oge.

Ẹni tó bá sì rò pé nítorí àwọn ọkùnrin olówó tí orí wọn ń pá ni wọ́n ṣe dá irun lílọ́ sílẹ̀, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1939, dókítà awọ ara kan ní Japan tó ń jẹ́ Okuda ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń yọ awọ kéékèèké tó nírun, tó ń lọ́ wọn sórí àti sí ìpéǹpéjú àwọn tí àpá ti gba irun wọn, àwọn tí iná jó wà lára wọn. Ogún ọdún gbáko lẹ́yìn náà, ní 1959, ni Norman Orentreich tó kọ nípa rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin apárí ní Amẹ́ríkà. Bàlúùnù náà, Charles Neumann ló kọ nípa rẹ̀ ní 1957, etí ẹnì kan tó ti gé ló fẹ́ tún ṣe. Àwọn tó farapa ló kọ́kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Àwọn olówó ló wá bá wọn níbẹ̀.

Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, àti òtòṣì. Ọmọ wa jẹ́ ọdún méje nígbà tí omi dà sí i lórí. Kwara kì í ṣe àlejò nínú ètò yìí. Ní 2007 ni àwọn àgbẹ̀ Ṣọńgà níbí ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àǹfààní adójútòfò, kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, lọ́rọ̀ tí akọ̀wé kankan kò lè yí, pé ìtọ́jú ọmọ tí iná jó kò tíì parí títí wọ́n á fi tún àpá orí rẹ̀ ṣe, kí ọjọ́ orí rẹ̀ má ṣe já a sílẹ̀ láàárín.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ẹ lè má rò ó tí ẹ̀yin wà ní Ìlọrin. Rírọ omi sínú bàlúùnù náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Láti Òmù-Àrán, a ó wọkọ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlọrin, bó bá sì jẹ́ UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ni, a ó tún wọ òmíràn gba ọ̀nà Jẹ́bà. Odidi ọjọ́ kan ti lọ, owó ọjà ìyá ọmọ ti lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọ́fà ńkọ́? Bí ẹ bá kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan ní ilé ìwòsàn ìjọba Òmù-Àrán, kí ẹ kọ́ ẹnì kan ní Ọ̀fà, pé bí wọ́n ṣe ń rọ omi yìí nìyí, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò ti wọ ibẹ̀ nìyí, ìgbà méjì péré ni ìyá ọmọ á nílò láti lọ jìnnà: ọjọ́ tí wọ́n á ki bàlúùnù bọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n á yọ ọ́. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́ sí ọlidé ńlá, láti ìparí oṣù Keje lọ, kí ọmọ má baà gbé orí tó wú lọ sí kíláàsì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ní tèmi, omi tó ń hó kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ bí ọmọdé bá wà níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń ki irun bọ omi, oníirun ló ń lọ bá a níbẹ̀. Garawa omi tútù kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi fọ nǹkan, gbogbo ọmọṣẹ́ mi ló mọ ìṣẹ́jú 20. Mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ onídìrí ní agbègbè wa sọ ọ́, àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní mo ti ń bẹ̀rù jù. Mo sì ń dá àjọ nítorí ọmọ náà. Bí mo ṣe ń dá a yìí, yóò ti kúrò ní ọmọdé kí ó tó pé.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó máa ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama, fọ́tò pélébé wà lára ohun tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnìkan wá rí i kí ẹ tó pinnu, ìyá rẹ̀ gbà. Mo ní kí n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, òun náà gbà. Ó ní òun á tú gèlè fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé kámẹ́rà wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onídìrí kan ní Òmù-Àrán